Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Mi ò ní dárúkọ ìlú tí wọ́n kó wọn lọ. Gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n, rédíò ti pè é títí ó ti sú wọn, àmọ́ èmi ò ní kọ ọ́ síbí. Ìlú òkèèrè ni. Wọ́n kọjá ẹnubodè kí wọ́n tó débẹ̀. Obed, ọmọ mi, wà lára àwọn sọ́jà tó lọ.

Hezekiah ni orúkọ tèmi. Ọmọ Ìlá ni mí, iṣẹ́ obì ni mò ń ṣe. Oko wà lọ́nà Ọ̀rà, èyí tí bàbá mi fi sílẹ̀, mo sì máa ń ra ti àwọn ẹlòmíì kún un. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì kà á dáadáa. Obì ló kọ́ mi ní ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Tí a bá bó o tán, tí a rẹ ẹ́ sómi, tí a ṣàn án, a máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó kó o sínú apẹ̀rẹ̀ tí a fi ewé tẹ́. Ihò kòkòrò kì í tóbi. Ó lè má ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ. Ẹyọ kan péré tí ojú bá fò, kó tó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta apẹ̀rẹ̀ yẹn ti di ìyẹ̀fun. Nítorí náà mo máa ń wo nǹkan. Ìyàwó mi ní mò ń wò ó jù.

"Ẹ ti wo ayé títí," ó máa ń wí, "ihò nìkan lẹ rí níbẹ̀."

Tinúadé ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin méjì tí a bí ti wà nílé ọkọ, Obed nìkan ni ọkùnrin. Oṣù mẹ́fà ni ìjọba sọ pé wọ́n máa lò níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ìyá rẹ̀ máa ń pè é, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Á gbé fóònù sórí àga, á gbé ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́, nítorí ọwọ́ Tinúadé kì í dilẹ̀, á sì máa kì í. Àrẹ̀mú. Oríkì tí wọ́n fi kí i káàbọ̀ sáyé nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ kò pè é ní Obed àfi tó bá fẹ́ bá a jà.

Èmi kì í dúró. Tí fóònù bá ti ń dún lọ́hùn-ún, mo máa ń dìde, màá jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tó fẹ́ wo adìẹ. Ohun tí fóònù yẹn lè sọ ni mò ń sá fún. Tí wọ́n bá parí, màá wọlé, màá ní, "Ṣé àlàáfíà ni?" Á ní, "Àlàáfíà ni." Ó tán. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin tó pọ̀ nínú fóònù náà, tí wọ́n ń pariwo nǹkan kan, tí Tinúadé ń rẹ́rìn-ín. Mi ò sún mọ́ ọn kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Adìẹ ni mò ń wò.

Ní ọjọ́ kan, Obed fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí Wọ́sáàpù. Kò pè, ó kàn sọ ọ́ sílẹ̀ ni. Nígbà tí mo wọlé jẹun, Tinúadé ní kí n gbọ́ ọ, kò jẹ́ kí n rí ọ̀nà jáde. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀wù ayẹta tó kù fún àwọn mọ́kànlélógún kò ju mẹ́fà lọ. Ó ní ẹni tó bá ti ibi ìṣọ́ dé ló ń bọ́ tirẹ̀ fún ẹni tó ń lọ. "Ìyá mi," ó ní, "òógùn ẹlòmíì ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹnìkan wà níbí, tó bá bọ́ tirẹ̀ fún ọ, wàá rò pé irú ni wọ́n dì síbẹ̀."

Tinúadé rẹ́rìn-ín títí omi jáde lójú rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Tí ọ̀tá bá dé bá wọn níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó wò mí, ó gbé àwo kúrò níwájú mi, mi ò sì tíì jẹun tán.

Oṣù tó tẹ̀lé e ni aṣojú wa ní Àbújá wá sí Ìlá láti bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Ọnọ́rébù Akíntúndé. Ó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bi ìjọba léèrè ọ̀rọ̀ ológun àti ọ̀rọ̀ àwa àti ìlú òkèèrè. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó bá ní ọmọ lẹ́nu iṣẹ́ sọ́jà kó wá. Mi ò fẹ́ lọ. Tinúadé ti wọṣọ tán kí n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn pátápátá ni mo ní ká jókòó sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọnọ́rébù kì í pariwo. Ó ń sọ̀rọ̀ bí olùkọ́ tó ti rẹ̀. Ó ní ìjọba bá ìlú kan tọwọ́ bọ̀wé kí wọ́n tó kó àwọn ọmọ wa lọ, pé ìwé yẹn, àwọn aṣòfin tí a rán níṣẹ́ kò rí i. "Mo béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta," ó ní. "Wọ́n ní àṣírí ni. Mo ní ta ni ẹ ń fi pa mọ́ fún, ṣé ọ̀tá ni àbí èmi?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí wọ́n rín in tán.

"Mínísítà wá síwájú wa. Mo bi í pé kí ni àwọn ọmọ wọ̀yí ń lò níbẹ̀. Ó ní ẹ̀wù ayẹta méjì-méjì ni sọ́jà kọ̀ọ̀kan ní, pé òmíì tilẹ̀ ṣì wà nínú páálí."

Mo mọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Mo ti di ìró Tinúadé mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fún un mọ́wọ́.

"Ẹ fi ìró mi sílẹ̀, Bàbá Obed," ó ní, kò sì rọra sọ ọ́. "Tó bá tú síbí, ẹ̀yin lẹ máa so ó."

Àwọn tó wà níwájú wa yíjú padà. Mo fi ìró sílẹ̀. Ó dìde, ó sọ gbogbo rẹ̀, mẹ́fà, mọ́kànlélógún, òógùn, irú. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín irú yẹn nínú gbọ̀ngàn. Ọnọ́rébù bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní kí ìyá náà jọ̀ọ́ tún un sọ. Nígbà tí ìpàdé tú, ọmọbìnrin kan tó ń bá a ṣiṣẹ́, Ìfẹ́olúwa, wá bá wa lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí wa dáadáa. Ó ní kí màmá jọ̀ọ́ fi ohùn náà ránṣẹ́ sí òun. Tinúadé fi ránṣẹ́. Mo wo bó ṣe lọ. Ìka kan péré ló fi tẹ̀ ẹ́.

A rìn délé kí n tó lanu. Mo ní, "O ti tà á."

"Ta ni mo tà?"

"Sọ́jà kì í sọ ohun tó wà nínú bárékè síta. Tí wọ́n bá mọ̀ pé òun ni, wọ́n máa fìyà jẹ ẹ́."

"Ta ni kó wá sọ ọ́?" ó ní. "Ṣé ká dúró de ẹni tó bá ti kú kó wá sọ ọ́?"

Ohun tí mo ní ni ẹ̀rù. Ẹ̀rù kì í ṣe èsì, èmi náà mọ̀.

Ní ọjọ́ Wẹ́sidé, mo sọ fún un pé oko ni mò ń lọ. Mo gbé àdá, mo gbé igbá omi, mo gun ọ̀kadà, mo ní kó gbé mi lọ sí ọ́fíìsì Ọnọ́rébù. Mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà padà. Ìyẹn ni mo ní lọ́kàn, kò sí nǹkan mìíràn. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì wo àdá, ó wò mí.

"Bàbá, ṣé èyí lẹ fẹ́ fi bá Ọnọ́rébù sọ̀rọ̀?"

Ojú tì mí. Mo fi àdá ti ògiri, ó ní kí n wọlé.

Ọnọ́rébù ti fẹ́ máa lọ sí Àbújá. Ó tún jókòó nítorí mi. Ìfẹ́olúwa fún mi lómi. Mi ò mu ún. Mo ní, "Ẹ dákun, sà. Ẹ bá mi pa ohùn ọmọ mi rẹ́. Ìyá rẹ̀ kò rò ó dé ibẹ̀ ni."

"Bàbá, mi ò ní gbé ohùn rẹ̀ síta," ó ní. "Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Màá kàn ní sọ́jà kan sọ báyìí báyìí."

Ìfẹ́olúwa ní, "Sà, ẹ ti sọ 'sọ́jà kan' fún wọn nígbà tó kọjá. Mínísítà ní sọ́jà wo. Ẹ dákẹ́. Gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín."

Ọnọ́rébù rọra sọ̀rọ̀. "Bàbá, wọ́n ń dá mi lóhùn bí ọmọdé ni. Tí mi ò bá ní ẹnì kan tí mo lè nawọ́ sí, àhesọ ni wọ́n máa pè é, àwọn ọmọ wọ̀yẹn á sì máa bọ́ ẹ̀wù fún ara wọn títí ọdún mìíràn. Ẹnì kan ni mò ń wá. Mo bẹ̀ yín."

Ó yẹ kí n ti dìde níbẹ̀. Àmọ́ èèyàn ńlá tó ń bẹ̀ mí, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju èyí tó ń pariwo mọ́ mi lọ. Mo rò ó. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lápá ọ̀tún, mo yẹ̀ ẹ́ wò lápá òsì, bí mo ṣe máa ń ṣe obì. Mi ò rí ihò kankan. Mo ní, "Tí ẹ ò bá lè ṣe kí ẹ má pe orúkọ, ẹ pè é ní Àrẹ̀mú."

"Ta ni Àrẹ̀mú?"

"Oríkì rẹ̀ ni. Kò sí nínú ìwé ìrìbọmi. Kò sí nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́. Kò lè sí nínú ìwé àwọn sọ́jà. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀."

Ọnọ́rébù wo Ìfẹ́olúwa. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Bàbá," Ọnọ́rébù ní, "ẹ gbọ́n jù wá lọ níbí."

Inú mi dùn. Kí n má parọ́. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kankan ti sọ pé mo gbọ́n. Mo mu omi náà tán. Mo gbé àdá mi níbi géètì, nítorí oko ni mo ní mò ń lọ, mo lọ sóko lóòótọ́, mo ro abẹ́ igi mẹ́ta, kí oje lè wà lára àdá nígbà tí Tinúadé bá wò ó. Mi ò sọ ohunkóhun fún un.

Ọjọ́ Ìsinmi méjì kọjá. Ó pè é, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, mo wà lọ́dọ̀ adìẹ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ní Tọ́sìdé, a jókòó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń ṣa obì tí mo rà ní Ọ̀rà. Rédíò wà lórí fèrèsé. Ìròyìn bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dojú ọ̀rọ̀ kọ mínísítà. Mo gbọ́ ohùn Ọnọ́rébù díẹ̀, òyìnbó ni. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ń ka ìròyìn túmọ̀ rẹ̀. Ó ní Ọnọ́rébù Akíntúndé béèrè ìwé àdéhùn tí ìjọba bá ìlú òkèèrè náà ṣe, ó sì ní sọ́jà kan, ọmọ àgbègbè òun, tí òun máa pè ní Àrẹ̀mú, sọ pé àwọn mọ́kànlélógún ni àwọn ń pín ẹ̀wù ayẹta mẹ́fà lò.

Mo rò ó nínú mi pé ọkùnrin yìí pa àdéhùn mọ́. Mo gbójú sókè wo Tinúadé. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró nínú obì.

"Ta ló fún un ní Àrẹ̀mú?"

"Èmi ni," mo wí. Mo sì rò ó fún un, ọ́fíìsì, àdá, bí mo ṣe rò ó tí mo fi rí ọgbọ́n dá. Bí ẹni tó ń ròyìn iṣẹ́ rere ni mo ṣe ń rò ó. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Obìnrin tó jẹ́ pé kì í jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ dé ìdajì.

Ó ní, "Bàbá Obed. Obed mẹ́ta ló wà ní ibùdó yẹn. Ọ̀kan ti Jọ́ọ̀sì wá, ọ̀kan ti Kàlàbá wá. Nígbà tí wọ́n ń gbọ́ bí mo ṣe ń kì í lórí fóònù, wọ́n ní kí tiwa máa jẹ́ Àrẹ̀mú kó lè yàtọ̀. Hausa ń pè é bẹ́ẹ̀, Ìgbò ń pè é bẹ́ẹ̀, ọ̀gá wọn ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sára kẹ́ẹ̀gì omi òun. Tí mo bá ti pè, gbogbo wọn á pariwo rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pè é ní Obed mọ́ níbẹ̀."

"Mi ò mọ̀," mo ní.

"Ẹ̀yin ò mọ̀." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. "Ọjọ́ Ìsinmi wo lẹ jókòó?"

Ó gbé fóònù. Ó pè é ní ọjọ́ Tọ́sìdé, ohun tí kò ṣe rí. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún pè. Ó tún dún. Ìgbà kẹta, obìnrin inú fóònù ní wọ́n ti pa á. Mi ò lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo gbé obì lọ sí ọjà. Ọlọ́kadà kan tí mi ò mọ̀ rí fọn fèrè sí mi. "Bàbá Àrẹ̀mú, ẹ káre o. Ọmọ yín gbóyà." Àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí mi bẹ́ẹ̀ náà. Gbogbo ìlú ló rí Tinúadé nígbà tó dìde nínú gbọ̀ngàn. Bí wọ́n ṣe ń kí mi ni mò ń rò ó, pé tó bá yá ará Ìlá lára tó báyìí láti mọ̀ ọ́n, báwo ni àwọn tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ ò ṣe ní mọ̀ ọ́n. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi padà sílé. Mi ò tà.

Ọjọ́ Ìsinmi dé, wọ́n ti pa fóònù náà. Ní Mọ́ńdè, nọ́ńbà kan tí a ò mọ̀ pè. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ń sọ Yorùbá bí Hausa tó gbé Ìlọrin. Tinúadé gbé ohùn rẹ̀ sókè bó ṣe máa ń ṣe. Mo jókòó.

"Màmá, ọ̀rẹ́ Àrẹ̀mú ni. Mi ò ní pẹ́. Wọ́n wá mú un ní Tọ́sìdé. Mọ́tò kan. Àwọn tó wá kì í ṣe ti ibùdó wa. Wọ́n gba fóònù rẹ̀."

"Ibo ni wọ́n mú un lọ?" Tinúadé ní.

"Wọn ò sọ."

"Ṣé wọ́n lù ú?"

Mo gbọ́ atẹ́gùn lọ́dọ̀ rẹ̀. "Wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀. Ìṣọ́ ló ń lọ nígbà náà, ó ti wọ ẹ̀wù. Wọ́n ní kó bọ́ ọ sílẹ̀ fún ẹni tó máa lọ dípò rẹ̀. Ó bọ́ ọ. Èmi ni mo gbà á. Màmá, ẹ má pe nọ́ńbà yìí o."

A dé ọ́fíìsì Ọnọ́rébù kí oòrùn tó mú. Ìfẹ́olúwa ti gbọ́ nǹkan kan, mo rí i lójú rẹ̀. Kó tó ní kí a jókòó, ó ti ń tọrọ gáfárà. Ó ní àwọn ológun ti fèsì. Ó kà á fún wa lórí fóònù rẹ̀, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń kà á lọ. Wọ́n ní àwọn ti wo ìwé orúkọ gbogbo sọ́jà tí àwọn rán lọ, láti orí ẹni àkọ́kọ́ títí dé orí ẹni ìkẹyìn, kò sí ẹni tó ń jẹ́ Àrẹ̀mú níbẹ̀. Wọ́n ní kí Ọnọ́rébù wá sọ ibi tó ti rí èèyàn rẹ̀, tàbí kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè.

Tinúadé ní, "Àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́."

Ìfẹ́olúwa pe ọ̀gá rẹ̀ ní Àbújá, ó gbé ohùn sókè. Ọnọ́rébù kí wa. Mo ní, "Sà, ọmọ mi dà?"

"Bàbá, mo bi wọ́n ní àárọ̀ yìí. Mo ní ẹni tí mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà? Wọ́n ní ta ni. Mo ní Àrẹ̀mú. Wọ́n ní kò sí Àrẹ̀mú. Wọ́n ń wò mí lójú, wọ́n mọ ẹni tí mò ń wí, èmi náà mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Kò sí bí mo ṣe lè béèrè ẹni tí kò sí nínú ìwé wọn."

"Kí ni ká ṣe?"

"Orúkọ rẹ̀ tó wà nínú ìwé, gbogbo rẹ̀, àti nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni kó kọ ọ́, kó sì fọwọ́ sí i, pé ọmọ òun ni, pé òun ò mọ ibi tí wọ́n gbé e wà. Màá gbé e síwájú ìgbìmọ̀. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lónìí, nítorí ilé aṣòfin ń lọ fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ."

Mo ní, "Tí mo bá kọ ọ́, ṣé wọn ò ní ṣe é ní nǹkan?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá." Kò parọ́ fún mi. Mo máa ń rántí ìyẹn fún un.

"Tí mi ò bá kọ ọ́ ńkọ́?"

"Tí ẹ ò bá kọ ọ́, kò sí ẹnì kankan tó sọnù."

Ìfẹ́olúwa fi bébà síwájú mi, ó fi bírò sórí rẹ̀. Mo wo Tinúadé. Mo fẹ́ kó gbà á lọ́wọ́ mi. Òun ló máa ń sọ̀rọ̀, òun ló máa ń dìde nínú gbọ̀ngàn. Ó kàn jókòó, ó ká ọwọ́ sórí itan.

"Ẹ kọ ọ́," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ fi í pa mọ́."

Mo kọ ọ́. Obed Ọlámilékan Babáyẹmí. Ó pẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò kọ orúkọ ọmọ mi rí láti ọjọ́ tí mo mú un lọ sí ìwé kìíní, ọjọ́ yẹn náà tíṣà ló bá mi parí rẹ̀. Nígbà tó kan nọ́ńbà, Tinúadé pè é láti orí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ ọ́. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, ó dà bí ìgbà tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́ka sí i láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo fọwọ́ sí i. Ìfẹ́olúwa ya àwòrán rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Àbújá. Ìka kan péré ni òun náà fi tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ti kọjá. Àwọn aṣòfin ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti yọ Ọnọ́rébù kúrò nínú ìgbìmọ̀ ológun, wọ́n ní ìgbìmọ̀ eré ìdárayá ló kù tó nílò rẹ̀. Ó pè wá fúnra rẹ̀, ó sọ ọ́ fún wa. Ó ní òun ti fa ìwé wa lé alága ìgbìmọ̀ ológun lọ́wọ́, pé inú ìjókòó ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n máa ti gbọ́ ọ, tí wọ́n bá máa gbọ́ ọ. Mo máa ń lọ sí ọ́fíìsì ní gbogbo Wẹ́sidé. Ìfẹ́olúwa á ní, "Bàbá, ìwé ń rìn." Ọkùnrin géètì kì í bi mí nípa àdá mọ́.

Mo sì ń ṣa obì. Mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ mi ò gbà gbọ́ mọ́ pé ojú mi rí ohun tó wà níbẹ̀. Tinúadé máa ń tún un ṣà lẹ́yìn mi. Kò sọ̀rọ̀ sí i. A máa ń sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ, lórí òjò, lórí àwọn ọmọ wa obìnrin. Ó kàn jẹ́ pé kò pè mí ní Bàbá Obed láti ọjọ́ yẹn. "Ẹ jọ̀ọ́," ni ó máa ń fi bẹ̀rẹ̀, tàbí "Ẹ gbọ́."

Ní aago mẹ́rin ọjọ́ Ìsinmi, á gbé fóònù sórí àga, á gbé ohùn rẹ̀ sókè, á tẹ nọ́ńbà náà. Obìnrin inú fóònù á sọ òyìnbó rẹ̀. Kí ó tó parí, Tinúadé á ti máa kì í, kíákíá, kí fóònù tó gé e. Èmi náà máa ń jókòó tì í báyìí. Adìẹ a máa ké lẹ́yìnkùlé. Mi ò lọ wò wọ́n.